Òwú Pupa Lọ́rùn Wáyà

"Ó tún kú," ni Màmá Agbẹ̀bí wí.

Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ti alùpùpù náà wọ abẹ́ páànù ìsọ̀ rewáyà, ó fi ẹsẹ̀ gbé e dúró, ó sì bọ́ akoto orí rẹ̀. Òógùn ti lẹ irun funfun mọ́ ọn níwájú orí.

Bàbá Fàáwò, rewáyà, gbé ife tíì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Níbo?"

"Oríta ilé ìwé. Ọkọ̀ akẹ́rù wà lẹ́yìn mi. Ó fọn fèrè títí, àfi bí ẹni pé èmi ni mo ní kó kú."

"Iná iwájú ńkọ́?"

"Gbogbo rẹ̀ ló lọ, bí ìgbà téèyàn fẹ́ àtùpà pa. Mo mi ọwọ́ rẹ̀, iná dé. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dá mi lóhùn. Mo dé iwájú ilé onífọ́tò, ó tún kú. Mo wá sọ̀kalẹ̀, mo ń tì í bọ̀. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin."

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ funfun kan dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ọmọ Màmá ló wà nínú rẹ̀, àkọ́bí rẹ̀, ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní ìlú mìíràn. Ó ti ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lẹ́yìn láti ilé. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀, ó sì lọ̀ ọ́ dáadáa.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi."

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ rántí ohun tẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ."

Màmá rántí. Sátidé tó kọjá ló sọ ọ́: bí máṣíìnì yìí bá tún kú lójú títì, òun á fi ọwọ́ ara òun yọ kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ òun lọ́wọ́. Kì í ṣe obìnrin tó ń pọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ náà nínú àpò báyìí, ṣùgbọ́n ó ń wá a bí ẹni tí kò fẹ́ rí i.

"Bàbá olótẹ́ẹ̀lì ń bọ̀ wá rà á ní aago mẹ́rin," ni ọmọ rẹ̀ wí fún rewáyà. "Ó ní òun máa kùn ún lọ́dà tuntun, òun á gbé e síwájú òtẹ́ẹ̀lì, káwọn àlejò máa ya fọ́tò lórí rẹ̀."

"Kó kúkú gbin òdòdó yí i ká," ni Màmá wí, "kó di sàréè pátápátá."

Ìyàwó rewáyà rẹ́rìn-ín láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Télọ̀ ni. Ìsọ̀ kan náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ń lò láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n: wáyà lápá òsì, aṣọ lápá ọ̀tún, ìjà díẹ̀ láàárín.

Bàbá Fàáwò ń wo alùpùpù náà. Ó dàgbà ju ọmọ báńkì lọ. Táńkì rẹ̀ pupa, ṣùgbọ́n ọ̀dà ti jẹ tán níbi tí orúnkún Màmá ń gbé kàn án. Lórí rẹ̀ ló ti gbé àpò agbẹ̀bí kiri fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, lójò, lẹ́ẹ̀rùn. Ìdajì àwọn ọmọ tó ń kọjá lọ sílé ìwé ní títì yìí, iná iwájú rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá wọn délé.

"Aago mẹ́rin ò tíì lù," ni rewáyà wí.

"Bàbá, ẹ ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì."

"N kò tíì ṣe é. Mo fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì ni."

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà á. "Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Bó bá lè dé orí afárá kó sì padà láìkú, kó tó di aago mẹ́rin, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá kú, ó ti lọ nìyẹn."

"Màmá ńkọ́?" ni rewáyà bèèrè.

"Mo gbà," ni Màmá wí. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí ìjókòó alùpùpù náà, láàárín gbogbo wọn.

*

Fàáwò kọ́ ni òbí sọ ọ́. Kò sí wáyà tí ọkùnrin náà máa fi sí àyè rẹ̀ tí kò ní sọ fún ara rẹ̀ pé, "Fà á wò." Bó bá wá, kò wọlé nìyẹn. Bí kò bá wá, ó di ọdún mẹ́wàá. Ìnagijẹ náà lẹ̀ mọ́ ọn débi pé òun ni wọ́n ń kọ sórí ìwé owó iná mànàmáná rẹ̀.

Ó tún ní àṣà kan. Wáyà yòówù tó bá tọwọ́ bọ̀, á so òwú pupa mọ́ ọn lọ́rùn, èyí tó bá já bọ́ lẹ́sẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Kí ó lè dá iṣẹ́ ara rẹ̀ mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn ni. Ó máa ń sọ pé ojú a máa gbàgbé, òwú kì í gbàgbé.

Ó tú ìjókòó alùpùpù náà, ó gbé táńkì kúrò, ó gbé e fún Màmá. Màmá gbé e lé itan bí ọmọ tuntun.

"Ẹni tó fọwọ́ kan okùn kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lóṣù tó kọjá ló dá a sílẹ̀," ni rewáyà ń ráhùn. "Mo ti sọ ọ́. Ó fipá fa wáyà. Ẹni tó ń fi sípánà ṣe ohun gbogbo."

Ọ̀gá Bóòtù ló ń bá wí, mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì títì. Òun ló pààrọ̀ okùn kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù yìí. Ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ ni alùpùpù kọ́kọ́ kú. Bàbá Fàáwò pààrọ̀ fíúùsì nígbà yẹn, ó pààrọ̀ bátìrì nígbà kejì, ìgbà méjèèjì ló sì dárúkọ Ọ̀gá Bóòtù lójú gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ ti ń jẹ ẹran ara ọkùnrin yẹn láti ọjọ́ yìí," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. "Ẹ kò tíì yó?"

"Ìwọ rán aṣọ rẹ."

"Mò ń rán an. Etí mi kò sí lára aṣọ."

Bàbá Fàáwò yí kọ́kọ́rọ́. Iná iwájú tàn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan ṣoṣo tẹ ìdì wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí dókítà tó ń wá ibi tó ń dun aláìsàn. Ó tẹ ti ẹ̀yìn, iná dúró. Ó tẹ ti ẹ̀gbẹ́, iná dúró. Ó kan sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tó wà lábẹ́ ibi tí táńkì ń jókòó sí, èyí tí wáyà mẹ́jọ ti ń pàdé mẹ́jọ, iná ṣẹ́jú. Ó tún kàn án. Ó kú.

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

Ó fa sọ́kẹ́ẹ̀tì náà yà sí méjì, ó gbé ìdajì kan síbi ìmọ́lẹ̀. Ihò mẹ́jọ ni. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí ahọ́n idẹ kékeré kan wà, tí wọ́n fi píńsà fún mọ́ ẹnu wáyà. Tẹ́mínà ni wọ́n ń pè é. Ó wò ó títí. Òkùnkùn mẹ́jọ ló rí.

"Ìyá wọn, wá bá mi fi ojú rẹ wo nǹkan."

Ìyàwó rẹ̀ dé pẹ̀lú ìgò ojú tó fi ń kó òwú sí abẹ́rẹ́. Ó tẹ̀ síwájú. "Méje yọjú. Ọ̀kan fara pamọ́ sẹ́yìn, bí ọmọ tó mọ̀ pé òun ṣẹ̀."

"Èwo?"

"Dúdú. Tìsàlẹ̀."

Wáyà dúdú ló ń gbé iná láti ìdí kọ́kọ́rọ́ dé gbogbo ara. Bàbá Fàáwò dì í mú lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fà á díẹ̀. Ó wá. Kò nílò irinṣẹ́ kankan, ó wá bí irun tó ti kú lórí.

Ó gbé tẹ́mínà náà lé àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo tẹ́mínà ló ní èékánná kékeré kan lẹ́yìn, tó máa ń là sókè, tó sì ń há mọ́ ara ihò kí wáyà má bàa fà sẹ́yìn. Bí o bá fẹ́ yọ ọ́, o ní láti fi nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ èékánná náà lulẹ̀. Bí o bá sì fẹ́ dá a padà, o ní láti fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gbé e dìde ná. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, èékánná rẹ̀ sùn gbalaja. Ẹni tó yọ ọ́ kò gbé e dìde kó tó tì í padà. Ó tì í wọlé lásán, ó sì lọ.

Òwú pupa wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó rántí ọjọ́ náà. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ó ti yọ gbogbo tẹ́mínà alùpùpù yìí, ó ti fọ̀ wọ́n, ó ń dá wọn padà. Wáyà tó kẹ́yìn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí fóònù dún. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó kéré jù, tó ti ń wá ọmọ fún ọdún mẹ́sàn-án, ti bí. Abo ni. Ìyá ń mí, ọmọ ń ké. Màmá Agbẹ̀bí ló kọ́kọ́ pariwo. Ìyàwó rẹ̀ da bọ́tìnnì nù sílẹ̀. Àárín ayọ̀ náà ló ti ti wáyà dúdú wọlé. Kò gbọ́ kó dún kẹ́. Kò fà á wò.

Wáyà tí kò ní èékánná kì í sá lọ lọ́jọ́ kan. Ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kòtò kan lónìí, kòtò kan lọ́la, títí ó fi bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí ẹlòmíràn fọwọ́ kan okùn kílọ́ọ̀ṣì.

"Ṣé ẹ ti rí i?" ni ọmọ Màmá bèèrè. Ó ti dìde. "Ọ̀gá Bóòtù yẹn ló ṣe é, àbí? Màmá ní ẹ ti sọ ọ́ tipẹ́."

Ọ̀nà là sílẹ̀ gbayawu níwájú Bàbá Fàáwò. Kó ṣáà ti mi orí ni. Òwú kéré, àtàǹpàkò rẹ̀ tóbi, ó lè bò ó. Bó bá sì jẹ́ òótọ́ ló sọ, ọmọ yìí á mú kọ́kọ́rọ́. Ta ló máa gbé ẹ̀mí ìyá rẹ̀ lé ọwọ́ arúgbó tó gbàgbé? Alùpùpù á di ohun òdòdó níwájú òtẹ́ẹ̀lì, nítorí ẹnu òun.

Ìyàwó rẹ̀ ti rí òwú náà. Ó ń fi etí aṣọ nu ìgò ojú rẹ̀, èyí tí kò dọ̀tí.

"Èmi ni," ni Bàbá Fàáwò wí.

"Ẹ̀yin?"

"Òwú mi rèé. Mi ò gbé èékánná rẹ̀ dìde, mi ò sì fà á wò. Ọ̀gá Bóòtù kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀."

Màmá Agbẹ̀bí wo òwú, ó wo ojú rẹ̀. "Ọjọ́ tí ọmọ ọmọ yín dé," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Èmi ni mo fà yín lọ́wọ́ pé ẹ dìde, ká jó."

"Ọwọ́ tẹ́ ẹ fà, wáyà wà nínú rẹ̀."

"Ọkọ̀ akẹ́rù wà lẹ́yìn wọn, Bàbá," ni ọmọ náà wí.

"Mo gbọ́."

"Lẹ́ẹ̀mẹta."

"Mo gbọ́, ọmọ mi."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ fọkàn tán ọwọ́ yín báyìí?"

"Má fọkàn tán an," ni rewáyà wí. "Ká apá aṣọ rẹ. Ìwọ lo máa fà á."

*

Egungun agboòrùn àtijọ́ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ti lọ̀ ọ́ lórí òkúta títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀gún. Ó tì í bọ ihò láti iwájú, ó tẹ èékánná lulẹ̀, ó sì rọra fa wáyà láti ẹ̀yìn. Ọ̀kan. Èkejì. Kò fipá mú ìkankan. Èyí tó bá ṣagídí, á kọ́kọ́ tì í síwájú díẹ̀, bí ẹni ń tan ọmọ, kó tó fà á.

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó àti epo pẹtiróòlù díẹ̀ fọ ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé tó ti hù sára idẹ. Ó ya sáńpépà tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi nu inú rẹ̀ títí tó fi ń dán. Ti wáyà dúdú, kò fọ̀ ọ́. Irin tí wọ́n bá ti tẹ̀ síwá sẹ́yìn jù, á kán lọ́jọ́ kan. Ó gé e kúrò tòun ti òwú, ó fi sápò, ó fi píńsà fún tuntun sí i. Ìyàwó rẹ̀ gé òwú tuntun fún un kó tó bèèrè.

Nígbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà. Ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gbé èékánná dìde, ó fi ìwọ̀nba gíríìsì sí i, ó tì í wọlé. *Kẹ́.*

"Fà á."

Ọmọ báńkì fi ìka méjì fà á bí ẹni ń fa irun imú ẹlòmíràn.

"Ṣé o kò tíì jẹun ni? Fà á!"

"Bàbá, ó máa já."

"Bó bá máa já, abẹ́ páànù yìí ló ti yẹ kó já."

Ó fà á. Kò wá. Ó fa èkejì, ẹ̀kẹta. Nígbà tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá parí, Bàbá Fàáwò ṣí gbogbo èyí tó kù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, wáyà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ní bí ìkọkàndínlógún, ọmọ náà kò dúró de àṣẹ mọ́. Ní ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n, ó ní, "Ẹ jẹ́ n tún fa ìyẹn, n kò gbọ́ kó dún dáadáa." Gíríìsì ti ya àwòrán sí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láyà.

"Fáàrí ti lọ ilé rẹ̀," ni télọ̀ wí.

Kò sí èyí tó wá.

Wọ́n dá táńkì padà. Màmá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn. Ó ń dún bí àgbàlagbà tó ń rẹ́rìn-ín nínú ikùn. Aago kan ọ̀sán ti kọjá.

"N ó tẹ̀lé yín lẹ́yìn pẹ̀lú ọkọ̀," ni ọmọ rẹ̀ wí. Ó wo ọkọ̀ funfun náà, ó wo alùpùpù. "Rárá. N ó jókòó lẹ́yìn yín."

"Ìwọ?" Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ìgbà tó o jókòó níbẹ̀ kẹ́yìn, ọ̀já ni mo fi dè ọ́ mọ́ra. Àní orí rẹ̀ gan-an ni ìrọbí rẹ ti mú mi. Mo gun ara mi lọ bí ọ."

"Ẹ ti sọ ọ́ fún mi nígbà ẹgbẹ̀rún, Màmá."

"Ó di ẹgbẹ̀rún lé kan. Di mí mú."

Wọ́n lọ. Bàbá Fàáwò jókòó. Ó mú ife tíì rẹ̀, ó ti tutù bí omi odò, ó gbé e sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò rán nǹkan kan. Àwọn méjèèjì ń fi etí tẹ̀lé ohùn náà títí ó fi rì sínú ohùn títì.

"Ojú mi yìí ti ń ṣe bàìbàì," ni Bàbá Fàáwò wí.

"Ojú tèmi ṣì ń ríran," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ilé kan náà la ń gbé."

Ó mi orí.

Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì ni kó tó di pé ohùn náà tún yọ. Ó ń bọ̀ gbọnin, kò dá dúró, kò wúkọ́. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, eruku ti sọ ọmọ báńkì di arúgbó, omi sì ń jáde lójú rẹ̀ nítorí atẹ́gùn.

"Gbogbo kòtò tó wà lọ́nà ni Màmá mọ̀ọ́mọ̀ kó sí!"

"Mò ń dán an wò ni," ni Màmá wí.

Ọmọ náà fa fóònù yọ, ó rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ń gbọ́ ọ. "Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ẹ má bínú, a kò tà á mọ́... Rárá, kò bàjẹ́. Ìyẹn gan-an ló fà á." Ó padà wá, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá rẹ̀.

Màmá dì í mú. Ó kan fi àtẹ́lẹwọ́ lu táńkì lẹ́ẹ̀mejì, bí èèyàn ti ń lu ẹ̀yìn ọmọ tó ti gbé ohùn.

"Ẹ jókòó, Bàbá Fàáwò," ni ó wí. "Ká fi tíì gbígbóná sí i fún yín."

"Ó ku ẹnì kan."

Ó dé fìlà. Ó fọwọ́ kan àpò rẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ ṣì wà.

"Ẹnu tí ìgbín fi bú òòṣà," ni ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Òun ló máa fi lọlẹ̀ lọ bá a. Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó fẹ́ ẹ."

Ó kọjá títì. Ọ̀gá Bóòtù lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù ẹnì kan, oníbàárà méjì sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Bàbá Fàáwò dúró síbi tí àwọn méjèèjì ti lè gbọ́ ọ. Ó fi tẹ́mínà náà lé orí tábìlì irinṣẹ́.

Mẹkáníìkì mú un, ó yí i. "Òwú ta nìyí, Bàbá?"

"Tèmi. Èmi ni mo pa máṣíìnì Màmá, kì í ṣe ìwọ. Gbangba ni mo ti sọ̀rọ̀ rẹ láìdáa, mo sì wá kó o ní gbangba. Má bínú."

Ọ̀gá Bóòtù fi ọdún mẹ́tàlá kéré sí i. Kò tíì rí kí ó bẹ ẹnikẹ́ni rí. "Oníbàárà méjì ló ti kó tiwọn lọ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn."

"N ó lọ bá wọn nílé."

"Ẹ̀yin fúnra yín?"

"Lọ́kọ̀ọ̀kan."

Mẹkáníìkì tún yí tẹ́mínà náà. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì í láti inú. "Bàbá Fàáwò kò fà á wò."

"Kò fà á wò."

"Ṣé mo lè sọ ọ́ fáwọn èèyàn?"

"Sọ ọ́. Ṣáà má fi iyọ̀ sí i."

"Ìwọ̀n díẹ̀, Bàbá. Ìwọ̀n tó máa gbé e lọ́nà ọ̀fun." Ó fẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó sí i. "Ẹ jókòó. Èyí ti wà níbí láti ọjọ́ Ajé. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣẹ́jú sí mi bí ẹni tó ń bá mi fẹ́ra."

Bàbá Fàáwò jókòó. Ó mú egungun agboòrùn jáde. Ó wá sọ́kẹ́ẹ̀tì náà kàn, ó yọ ọ̀kan, ó nù ún mọ́ etí aṣọ rẹ̀, ó gbé èékánná rẹ̀ dìde. Ó tì í wọlé. *Kẹ́.*

Mẹkáníìkì àti àwọn oníbàárà méjèèjì ń wò ó.

Ó fà á. Kò wá.